Ọjọ́ Ọjà Tí Òfin Kò Mọ̀

Ariwo tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀, kí n tó lajú, ni ti igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ. Gbì, gbì, gbì, lẹ́yìnkùlé wa ní Ìjẹmọ̀. Ìyá wa, Sàbítíyù, àti ìyàwó àbúrò bàbá wa, Ṣìfáù, á jókòó kọjú síra wọn, wọ́n á tẹ́ àdìrẹ tó ti gbẹ sórí ìtì igi, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi máa dán. Bí igi ìyá wa bá ń lọ sókè, ti Ṣìfáù á máa bọ̀ nílẹ̀. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n gbá ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ tèmi, nítorí òórùn aró kì í bá mi lára mu, àyà mi a máa há láti kékeré. Lẹ́yìn ikọ́ mi ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi, Ràmọ́tà: "Sídí, gbé ikọ́ ẹ jáde, ṣé o fẹ́ kó ran aṣọ ni?" Ṣìfáù á bú sẹ́rìn-ín, ilẹ̀ á wá mọ́ pátápátá. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ti pé ogójì ọjọ́ tí a sin Ràmọ́tà. Àwọn àlùfáà ti ṣe àdúà, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ. Kò ku ẹnì kan tí mo lè bi pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò kà kọjá bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá gírámà lọ́wọ́ mi. Orúkọ àwọn èèyàn ni mo mọ̀, mo sì mọ ohun tí oníkálukú wí.

Ilé ìwé wa wà lẹ́yìn mọ́sálásí. Ó ní orúkọ gígùn kan lára pátákó, ṣùgbọ́n Ẹ̀yìn Mọ́sálásí ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe ìjọba ló kọ́ ọ. Àwọn agboolé àdúgbò wa ló pín iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ara wọn, agboolé kan, ògiri kan. Àwọn ọkùnrin ń po amọ̀, àwọn obìnrin ń pọnmi. Ògiri tó dojú kọ mọ́sálásí, tó ní fèrèsé méjì, tiwa ni. Àmì àtẹ́lẹwọ́ bàbá wa wà nísàlẹ̀ fèrèsé, níbi tó ti fọwọ́ tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, èmi àti Ràmọ́tà a sì máa fi ọwọ́ tiwa wọ̀n ọ́n ká tó wọ kíláàsì. Àwọn àgbà tó ń bójú tó ilé ìwé náà, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ara wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n á jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ tí ìyá wa sè, àwa ọmọ á máa ṣọ́ ewé tí wọ́n bá ṣẹ́ nǹkan kù sí. Àlùfáà Bísíríyù, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ni alága. Bàbá wa, Sùnmọ́nù, tó ń ta aṣọ funfun fún àwọn aláró, ni akọ̀wé. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ Yorùbá sínú ìwé kan tó ń tọ́jú sábẹ́ awọ àgùtàn tó fi ń kírun. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni Ìyá Ṣáàdátù, aláró tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, tí kì í bẹ̀rù ẹnì kankan.

Òun ló mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà wá. Ní ọrọọrún ni ọjà ńlá máa ń bọ́ sí ní Ìtòkú nígbà náà, àwọn tó ń ra àdìrẹ á ti ọ̀nà jíjìn wá, kò sì sí aláró tó lè dá ẹrù rẹ̀ gbé, kó dá a tẹ́, kó dá a ṣọ́. Àwọn ọmọbìnrin ni ọwọ́ kejì ìyá wọn. Ìyá Ṣáàdátù wá dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ó ní, "Àwọn ọmọbìnrin tí ẹ kó sínú ilé ìwé yìí, ẹ ò ní rí wọn lọ́jọ́ ọjà o. Ẹ lè nà wọ́n, ẹ lè na àwa ìyá wọn mọ́ ọn, ẹ ò ní rí wọn. Ẹ kúkú ti ilé ìwé." Àlùfáà Bísíríyù rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú. Wọ́n ti ilé ìwé. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn kì í ṣí lọ́jọ́ ọjà, a ó sì wá ní Sátidé láti fi dípò rẹ̀. Ọ̀gá tíṣà wa, Tíṣà Ọlátúnjí, ọmọ ìsàlẹ̀ Aké, mọ gbogbo ìyá aláró lórúkọ. Kò sí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kan fò ó. Ẹ rántí ìyẹn, torí àwọn tó wá lẹ́yìn ní a ò mọ ohun tí à ń ṣe.

Ràmọ́tà fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ṣùgbọ́n kíláàsì kan náà la wà, torí òun ni àkọ́bí obìnrin, ìyá wa ò tètè yọ̀ǹda rẹ̀. Ipò kìn-ín-ní ni lọ́dọọdún. Ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ya láfún sára aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀, òun ló fi ń kọ ìṣirò sẹ́yìn igbá, ìyá wa á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, láfún tí mo rò fún aṣọ lo fi ń ṣe méjì-méjì mẹ́rin?" Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ó ní òun á fún mi ní abẹ́rẹ́ títí ikọ́ mi á fi tọrọ àforíjì. Èmi kì í bá wọn lọ sídìí aró, n kì í sì í bá wọn lọ sọ́jà, torí àyà mi. Ilé ni wọ́n ń fi mí sí, kí n gbálẹ̀, kí n fọ àwo. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá wá ni ẹni tí kì í pa ilé ìwé jẹ. Ohun tí bàbá wa kò gbà nínú ilé náà ni irọ́. Bí o bá fọ́ àwo, tí o ní ìwọ lo fọ́ ọ, kò ní fọwọ́ kàn ọ́. "Sọ ohun tí o rí, kí o sì dákẹ́," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún wa, èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo ń fi ṣe fáàrí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ fi irú rẹ̀ ṣe fáàrí mọ́.

Ọdún yẹn ni ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe òfin ilé ìwé. Rédíò Ṣìfáù ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo bọ́ọ̀dù wá sí gbọ̀ngàn kan ní Aké. Bàbá wa mú mi dání, èmi ni mo gbé bùtà àlùwàlá rẹ̀. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ka òfin náà fún wọn: gbogbo ilé ìwé, ti mọ́sálásí, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àdúgbò, ti di ti ìjọba, gbogbo bọ́ọ̀dù ti túká, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ìjọba bá yàn ni yóò máa darí wọn, ọjọ́ ìwọlé kan náà, ọjọ́ ìsinmi kan náà, láti etí òkun dé inú oko. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, torí ó ní ìjọba á kó bẹ́ńṣì wá, á kó ìwé wá. Bàbá wa dìde.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Aláró pọ̀ láàárín àwa Ìjẹmọ̀. Ilé ìwé wa kì í ṣí lọ́jọ́ ọjà Ìtòkú. Ṣé òfin yín ò ní dí wa lọ́wọ́?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba ò wá ba nǹkan jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. A ó wò ó."

"Ṣé a ti jọ gbà bẹ́ẹ̀?"

"A ti gbà, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe Fàtíhà sí i."

Wọ́n tẹ́wọ́, Àlùfáà Bísíríyù ka Fàtíhà, ọ̀gá náà ṣe àmín tí ohùn rẹ̀ ròkè ju tiwa lọ. Bàbá wa wá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n fi ìka hàn án. Bí a ti ń bọ̀ nílé, inú rẹ̀ dùn, ó ra ẹ̀pà fún mi. Kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Fàtíhà ló fi fẹ́ ìyá wa, Fàtíhà ló fi gba ilẹ̀ tí a ń gbé, kò sì sí ẹni tó jáde wá sọ pé òun ò gbà mọ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a bá ti ṣe Fàtíhà sí ti parí, títún un kọ sílẹ̀ dà bí ẹni pé èèyàn ń fura sí ẹnìkejì. Ìwé tó fọwọ́ sí yẹn, kò sí Ìtòkú nínú rẹ̀, kò sí aláró, kò sí ọjọ́ ọjà. Mo ti wá mọ̀wé kà ju ti ìgbà náà lọ, mo sì mọ̀ báyìí pé ọkùnrin tó ṣe àmín yẹn mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Tíṣà Ọlátúnjí lọ sí ìlú kan tí kò mọ ẹnì kankan. Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ni wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi ẹ̀yìn pẹ́ńsù họ etí. Wọ́n fagi lé Sátidé. Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òfin, ilé ìwé ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwa oníkọ́ àti àwọn ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Òfin ní ọmọ tó bá pa iye ọjọ́ kan jẹ láàárín táàmù kan, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́; àìsàn nìkan ni wọ́n fi orí jì. Bí àwọn ìyá kan ti gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ lọ pé kó wí pé ibà ń ṣe ẹ̀gbọ́n òun, inú ń run àbúrò òun. Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kàwé yanjú. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di ìyá tíṣà. Ní ilé tiwa, ìyá wa sọ pé kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bàbá wa fi ọbẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ. "Irọ́ nítorí kí ni? A ti bá wọn sọ ọ́. Fàtíhà la fi dì í." Nígbà tí ìwé ìkìlọ̀ dé, Gẹ̀ẹ́sì ni, Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ ló kà á fún bàbá wa, tó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, bí ọmọ tó ń ka ìwé níwájú kíláàsì. Ó kà á láìṣì. Bàbá wa ní, "O káre." Ó ká a, ó fi sábẹ́ awọ àgùtàn. "Àwọn mìíràn ni wọ́n ń bá wí."

Ọjọ́ ọjà kan wá dé, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo rántí òórùn amọ̀ ògiri wa. Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Nígbà tó dé orí ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ìdáhùn. Ó gbójú sókè.

"Sídíkátù, ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ó wà ní Ìtòkú, sà."

Ó fi pẹ́ńsù họ etí. Kò kọ nǹkan kan. Ó wò mí, ojú tó fi wò mí ni mi ò lè gbàgbé, torí lónìí ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. "Àbí ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Ẹ̀kọ mẹ́ta ló jẹ kó tó gbẹ́rù."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ kékeré ni mí, mo sì ti sọ òótọ́, mo jókòó bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ní ọjọ́ kẹta, níbi tí gbogbo wa ti tò sí kí a tó wọlé, ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa rẹ́. Ràmọ́tà ni ẹnì kẹrin. Ìwé márùn-ún ló wà, ó ku ọdún kan kó gba sátífíkéètì. Kò sunkún. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rìn lọ bá ògiri wa, ó fi ọwọ́ rẹ̀ wọn ọwọ́ bàbá wa bí a ti máa ń ṣe, ó sì lọ sílé. Bàbá wa wọ agbádá, ó lọ bá tíṣà náà. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

"Tíṣà, èmi wà lára àwọn tó mọ ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì yìí."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà mọ́."

"Ẹ dá ọmọ mi padà."

"Bí wọ́n bá ti ní ara rẹ̀ kò yá ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Mo bi àbúrò rẹ̀ léèmejì."

"Ṣé kó parọ́ ni?"

"Mi ò ní kó parọ́. Mo ní òfin ò mọ Ìtòkú, Bàbá. Àìsàn nìkan ló mọ̀."

Bàbá wa ní kí wọ́n gbà á wọlé bí ọmọ tuntun nígbà náà. Tíṣà ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ohun tí òfin gbà fún ọmọ tuntun. Bàbá wa ní kí wọ́n mú òun lọ bá bọ́ọ̀dù tuntun. Tíṣà ní ìwé ni wọ́n ń kọ sí wọn, ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá wa ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó jáde. Nígbà tó délé, ó jókòó nídìí oúnjẹ, ó pè mí níwájú gbogbo ilé. "Sídí, o ṣeun. O ò parọ́." Ó mú ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Ràmọ́tà jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ń wò mí bí mo ti ń jẹ ẹ́. Ìyá wa dìde kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà lẹ tún ń pín ẹran lé e lórí." Kò tún wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ó bá gbé oúnjẹ ka iwájú bàbá wa, kì í dúró.

Èmi ka ìwé mẹ́fà. Ràmọ́tà gba igi lọ́wọ́ Ṣìfáù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá bíi ti Ìyá Ṣáàdátù, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe sin ín. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà títí, kò lọ. Kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ ló sọ mí: Ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, tí mo bímọ, tí irun orí wa funfun, kò pa orúkọ náà tì. "Ẹlẹ́rìí, wá tọ́ ọbẹ̀ yìí wò fún mi, ìwọ tí kì í parọ́." "Ẹ bi Ẹlẹ́rìí bóyá mo sanra, òun á sọ òótọ́." Àwọn ọmọ wa á rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí à ń wí. Lórí àìsàn rẹ̀ ìkẹyìn, nígbà tí dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀ níta, ó mú mi lọ́wọ́. "Ẹlẹ́rìí, ṣé ara mi á yá?" Mo fẹ́ sọ pé á yá. Mo la ẹnu. Pé kó gbórí sókè kí n tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe ni mo sọ, torí bàbá wa kò kọ́ mi ní irọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀."

Wọ́n tún ti ṣe òfin mìíràn báyìí. Wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá ìjọba bójú tó ilé ìwé, bí ẹni pé a ò ní in rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ àwọn tó kọ́ Ẹ̀yìn Mọ́sálásí. Bí mo ti ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, mo pàdé Mùsílíátù, ọmọ tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ Ìyá Ṣáàdátù, ó ru àdìrẹ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìtòkú. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo rí kọ́là yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lábẹ́ bùbá. Ó wọ̀ ọ́ sínú, bóyá ọjà á tètè tán. Wọ́n ti wó ògiri amọ̀ wa tipẹ́, búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, ọwọ́ bàbá wa ti lọ pẹ̀lú amọ̀. Wọ́n gbé àga sí ìdí máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì kan. Ọmọbìnrin tó ti ọ́fíìsì wá, Bọ́láńlé, ọmọ dáadáa ni, ó kí mi kú ọ̀fọ̀. Ó bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé yẹ̀ wò. Mo ní, "Ẹ ti ilé ìwé lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ wá ní Sátidé."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn dáa o. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà wà nínú òfin, ìgbìmọ̀ ò lágbára lórí rẹ̀."

"Ọmọ tí kò bá wá ńkọ́?"

"Àfi tí ara rẹ̀ kò bá yá, mà."

Ó na ìwé sí mi kí n fọwọ́ sí i. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi lé orí àga láìfọwọ́ sí i. Nínú kíláàsì, tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Mo gbọ́ ọ, "Mùsílíátù." Kò sí ìdáhùn. "Mùsílíátù dà?" Ọmọ kékeré kan dìde nídìí fèrèsé, ó nàró ṣánṣán, mo mọ irú ìdúró yẹn. Ó ní, "Tíṣà, ó lọ sí…"

"Ara rẹ̀ kò yá," ni mo wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Tíṣà sún mọ́ fèrèsé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ibà ni. Mo yà níbẹ̀ láàárọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò."

Ọmọ kékeré náà ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Mo wò ó padà títí ó fi jókòó. Tíṣà tẹrí ba, ó ń kọ nǹkan. Mo dìde, mo fọwọ́ di fèrèsé mú, mo ní kó yí rẹ́jísítà náà sọ́dọ̀ mi kí n rí ohun tó kọ síbẹ̀. Ìwé mẹ́fà tí mo kà tó láti ka ìyẹn.